Ohun Tó Gbòde Lè Má Tọ́jọ́

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣí ojú òpó tirẹ̀ sórí Koo, ìkànnì kan tí àwọn ará Íńdíà dá sílẹ̀. Gbúngbùngbún wà láàárín ìjọba àti Twitter nígbà náà. Wọ́n ti fòfin dè é láti ọjọ́ karùn-ún oṣù náà, Koo ni wọ́n sì gbà lọ. Nígbà tó máa fi di oṣù keje ọdún 2024, Koo ti kógbá sílé. Twitter tí wọ́n fòfin dè ṣì wà lórí ìjókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé X ni wọ́n ń pè é báyìí.

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn kúkúrú yìí lédè Yorùbá nílò ọ̀rọ̀-ìṣe tó tó mẹ́rin: ìkànnì kan gbòde, òmíràn gbilẹ̀, wọ́n fòfin de ọ̀kan, èkejì kógbá sílé. Kò sí èyí tí Yorùbá kò ní nínú wọn. Àmọ́ bí èèyàn bá tẹ́tí sí ìròyìn orí rédíò, tàbí tó ṣí ìwé ìròyìn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò máa bá pàdé: gbajúmọ̀. Facebook gbajúmọ̀, TikTok gbajúmọ̀, ìkànnì tí wọ́n dá sílẹ̀ lánàá náà ti gbajúmọ̀. Wọ́n ti di gbogbo iṣẹ́ ru ọ̀rọ̀ yìí títí tí kò fi lè sọ ohun tó yẹ kó sọ mọ́.

Gbajúmọ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣẹ̀. Àwọn àgbà máa ń tú u sí "igba ojú mọ̀", ẹni tí ojú púpọ̀ dá mọ̀. Èèyàn ló kọ́kọ́ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó tó di pé wọ́n ń fi pe ilé ìtajà, oògùn àti ìkànnì. Bí wọ́n bá ní ìkànnì kan gbajúmọ̀, ohun tí wọ́n sọ kò ju pé àwọn èèyàn mọ orúkọ rẹ̀ lọ. Google+ gbajúmọ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ọdún 2011 ni Google gbé e jáde, agbára káká ni ẹni tó ń lo Gmail fi máa sọ pé òun kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, nítorí gbogbo ibi tó bá tẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é wọlé. Àwọn èèyàn wọlé, wọ́n wò yíká, wọ́n jáde. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Google ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ gbogbo aráàlú. Akọ̀ròyìn tó kọ ọ́ nígbà náà pé Google+ gbajúmọ̀ kò parọ́. Ẹni tó kọ ọ́ pé ó gbilẹ̀ ló parọ́.

Gbòde tún yàtọ̀. Gba òde ni, ó sì ní ìkánjú nínú. Aṣọ máa ń gbòde, orin máa ń gbòde, irun dídì máa ń gbòde, kò sì sí ẹni tó ń retí kí èyíkéyìí nínú wọn wà bẹ́ẹ̀ di ọdún mẹ́wàá. Threads ni àpẹẹrẹ tó mọ́ jù. Ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 2023 ni iléeṣẹ́ Meta gbé e jáde, láàárín ọjọ́ márùn-ún péré, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ti tó mílíọ̀nù 100. Kì í ṣe idán. Ẹni tó bá ti wà lórí Instagram kò ní ìforúkọsílẹ̀ tuntun kankan láti ṣe. Yóò kàn tẹ ibì kan, orúkọ rẹ̀ àti àwọn tó mọ̀ yóò sì bá a dé ibẹ̀. Gbòde kan ni ọ̀rọ̀ tó bá ọ̀sẹ̀ náà mu. Nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn padà síbi tí wọ́n ti wá, tí àwọn mìíràn sì dúró, tí àwọn tó ń lò ó lóṣooṣù wá tó mílíọ̀nù 200 ní ọdún 2024, ìgbà náà ni akọ̀ròyìn tó lè fi ọkàn balẹ̀ kọ ọ́ pé Threads ń gbilẹ̀.

Jà ràn-ìn náà wà, tí wọ́n máa ń fi rọ́pò gbòde. Ọ̀rọ̀ tàbí ìròyìn ló ń jà ràn-ìn. "Fídíò kan ń jà ràn-ìn lórí TikTok" dára gan-an. "TikTok ń jà ràn-ìn" kò bójú mu, àfi tó bá jẹ́ pé ẹjọ́ kan tó kan TikTok ni gbogbo ayé ń sọ.

Ibi tí àṣìlò pọ̀ sí jù ni ààlà gbayì àti gbilẹ̀, ìtàn BBM àti WhatsApp ló sì là á dáadáa. Ọdún 2005 ni BBM, ìyẹn BlackBerry Messenger, bẹ̀rẹ̀, orí fóònù BlackBerry nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 2010 sókè, ó wọ àárín àwọn ọ̀dọ́ Èkó, Ìbàdàn àti Abúja bí iná inú ọyẹ́. Wọn kì í béèrè nọ́ńbà fóònù lọ́wọ́ ẹni mọ́, PIN BBM ni wọ́n ń béèrè, "ping mi" sì di ọ̀rọ̀ ẹnu. BBM gbayì. Ohun tó gbayì ni ohun tí ẹni tó ní in fi ń yan, tí ẹni tí kò ní in sì ń wò lẹ́nu. Owó tí wọ́n fi ń ra BlackBerry wà lára ohun tó fún un ní iyì. Ṣùgbọ́n owó yìí kan náà ni kò jẹ́ kó gbilẹ̀, nítorí ìyá tó ń ta ata ní Bódìjà kò ní ra fóònù olówó ńlá torí pé ọmọ rẹ̀ ń ping.

WhatsApp gba ọ̀nà mìíràn. Jan Koum àti Brian Acton, tí àwọn méjèèjì ti ṣiṣẹ́ ní Yahoo rí, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 2009. Nọ́ńbà fóònù tí èèyàn ti ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń wọlé, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ Nokia tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, wọ́n fi ohùn gbígbà sí i. Ẹni tó bá mọ bí iye àwọn tó gbọ́ Yorùbá ti pọ̀ tó ju àwọn tó lè kọ ọ́ lọ yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìyá àgbà tí kò mú gègé rí lè tẹ ibì kan mọ́lẹ̀, kí ó ki ọmọ rẹ̀ tó wà ní London, kí ó fi ìbáwí díẹ̀ sí i, kí ó sì gbàdúrà fún un. Kò nílò àmì ohùn kankan, ohùn rẹ̀ gan-an ni ó ń fi ránṣẹ́.

Ní ọdún 2013 yìí kan náà ni BBM ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí àwọn tó ń lo Android àti iPhone wọlé. Ẹ̀pa kò bóró mọ́. Facebook ra WhatsApp ní ọdún 2014 ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 19 dọ́là. BBM kógbá sílé ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2019. Ẹbí, ìjọ, jamáà, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àwọn tó jọ jáde nílé ìwé kan náà ti ní ojúkò wọn lórí WhatsApp nígbà náà. Ohun tí Yorùbá ń pè ní gbilẹ̀ nìyẹn: ó ta gbòǹgbò, ó sì tẹ́ rẹrẹ. Koríko máa ń gbilẹ̀, àṣà máa ń gbilẹ̀, ẹ̀sìn máa ń gbilẹ̀, gbogbo wọn ló sì ṣòro láti fà tu.

Síbẹ̀, ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Orkut, tí òṣìṣẹ́ Google kan tó ń jẹ́ Orkut Büyükkökten dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, gbilẹ̀ ní Bùràsíìlì àti Íńdíà débi pé èèyàn lè rò pé kò ní tán níbẹ̀. Facebook dé, àwọn èèyàn ń ṣí kúrò níkọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì ṣí kúrò máa ń di ìdí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà yóò fi ṣí. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, Google pa á dé.

Ti MySpace yàtọ̀ sí èyí, ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ tí a ó lò fún un náà yàtọ̀. Iléeṣẹ́ News Corp rà á ní mílíọ̀nù 580 dọ́là ní ọdún 2005, ó sì tà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 35 dọ́là ní ọdún 2011. Kò kú, kò kógbá sílé. Ó wà bí aláìsí. Kò sí gbólóhùn mìíràn tó lè sọ ọ́ tó báyìí, ó sì ṣeni láàánú pé àwọn oníròyìn kì í rántí rẹ̀.

Tọ́jọ́ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ Facebook tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2004, tí àwọn tó ń lò ó lóṣooṣù pé bílíọ̀nù 1 ní ọdún 2012, tí wọ́n sì ti kọjá bílíọ̀nù 3 báyìí. Ó yẹ YouTube tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2005. Vine, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013 tí wọ́n sì tì í pa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, kò tọ́jọ́. Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní èèyàn kan kò tọ́jọ́, ó kú ní kékeré ni. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé ẹni tó dá ìkànnì kan sílẹ̀ "kò tọ́jọ́ lórí ayélujára" ti túfọ̀ alààyè. Kí ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ni kò tọ́jọ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Twitter ṣẹlẹ̀, àwọn kan kọ ọ́ pé ìjọba "gbẹ́sẹ̀ lé" Twitter. Ẹrù àti dúkìá ni wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé, bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ṣe máa ń gbẹ́sẹ̀ lé ìrẹsì ní ẹnubodè. Kò sí ohun tí ìjọba lè gbẹ́sẹ̀ lé níbẹ̀. Ìlú Accra ní Gánà ni Twitter ti kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2021 pé òun máa fi ṣe ibùjókòó òun nílẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n fòfin dè é ni, láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Kógbá sílé kò sì bá a mu rárá, nítorí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ló ń kó igbá rẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí kò bá tà mọ́. Ẹlòmíràn kì í bá a kó o.

Dákú ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a túbọ̀ máa lò. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, Facebook, Instagram àti WhatsApp kò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, TikTok dákẹ́ ní Amẹ́ríkà fún wákàtí díẹ̀ nítorí òfin tó fẹ́ kí ByteDance, iléeṣẹ́ tó ni ín, tà á, ó sì tún padà jí. Àwọn tó kọ "kú" tàbí "ti pa" nínú ìròyìn ọjọ́ wọ̀nyí kánjú. Ẹni tó dákú ṣì lè jí.

Nípa àwọn tó ń lo ìkànnì, ọ̀rọ̀ méjì péré ló gba àtúnṣe kíákíá. Èkíní ni ọmọlẹ́yìn. Wòlíì ní ọmọlẹ́yìn, olóṣèlú ní ọmọlẹ́yìn, ẹni tó gba ti ọ̀gá rẹ̀ gbọ́. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnì kan kí ó lè máa rí ohun tí òṣèré kan ń kọ kò tíì di ọmọlẹ́yìn rẹ̀. Ó lè jẹ́ torí àtimáa bú u ló ṣe wà níbẹ̀. "Àwọn tó ń tẹ̀lé e" ti tó. Èkejì ni pín. Ogún, ilẹ̀ àti àkàrà ni Yorùbá ń pín, ohun tí wọ́n bá sì pín ń dín kù lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Fídíò kì í dín kù. "Ẹ bá wa pín in" ti wọlé, kò sì sí ẹni tó lè lé e jáde mọ́, ṣùgbọ́n "ẹ tàn án ká" àti "ẹ fi ṣọwọ́ sí àwọn èèyàn yín" ló ṣe rẹ́gí.

Orúkọ ìkànnì fúnra rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. "Ping mi" kú pẹ̀lú BBM. "Fi ránṣẹ́" tó ti wà láyé kí ìkànnì kankan tó dé ṣì wà. Ní ọdún 2012, onímọ̀ èdè Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tó bá a lọ́wọ́ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ tí wọ́n fi kọ Yorùbá lórí Twitter, kí iléeṣẹ́ náà lè fi èdè wa kún àwọn èdè tó ń túmọ̀ ojú ewé rẹ̀ sí. Láti oṣù keje ọdún 2023, orúkọ náà ti di X. Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ti ìdí èyí bàjẹ́, nítorí Yorùbá ni wọ́n lọ gbé lárugẹ. Bí akọ̀ròyìn bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú oṣù keje ọdún 2023, kí ó kọ Twitter. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí ó kọ X, kí ó sì fi "tí wọ́n ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀" kún un títí tí etí aráàlú yóò fi mọ́ orúkọ tuntun náà.

Ẹ̀yin olóòtú ìròyìn, ẹ̀yin atọ́kùn ètò, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ojú òpó tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ka Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo gbajúmọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó kọ ọ́. Bó bá jẹ́ gbòde, gbayì, gbilẹ̀ tàbí tọ́jọ́ ló yẹ ibẹ̀, ẹ kọ èyí tó yẹ, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i.