Ẹ Jẹ́ Ká Fi Òfin Abúlé Dènà Dìgbòlugi

  

Ẹ̀kọ́ tòní kì í ṣe ti iṣu tàbí ti ẹ̀gẹ́. Ti ajá ni. Ẹ lè ní, "Kí ló pa ajá àti oko pọ̀?" Ó pọ̀ o. Ajá ló ń ṣọ́ ilé, òun ló ń bá ọdẹ lọ sígbó, òun ló ń lé ọ̀yà àti ọ̀bọ kúrò nínú oko. Ṣùgbọ́n ajá yìí kan náà lè mú àrùn tí kò gbóògùn wọ inú agbo ilé. Dìgbòlugi ni àrùn náà.

KÍ NI DÌGBÒLUGI?

Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fà á. Inú itọ́ ẹranko tó ní àrùn náà ló ń gbé. Bí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tó lá ojú egbò, kòkòrò náà á wọlé. Á wá máa gba inú iṣan lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ọpọlọ. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́nà, ó sábà máa ń lo oṣù 2 sí 3, nígbà mìíràn ó lè tó ọdún kan. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tí ajá bù jẹ á máa jẹun, á máa lọ sóko, á rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ọjọ́ tí kò bá lè gbé omi mì mọ́, tí rírí omi lásán ń dẹ́rù bà á, ẹ̀pa ò bóró mọ́ nìyẹn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì pọ̀ sí jù. Bí ènìyàn 100 bá kó o, ajá ló kó o ran bí 99 nínú wọn. Nínú ènìyàn 10 tí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ bù jẹ, nǹkan bí 4 ló jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15.

BÁWO LA ṢE Ń DÁ A MỌ̀?

Kì í ṣe gbogbo ajá dìgbòlugi ló ń sáré kiri ìgboro. Ọ̀nà méjì ló ń gbà yọ:

(a) Èyí tó ń bínú: Kò ní mọ olówó rẹ̀ mọ́. Á máa gé igi, òkúta àti afẹ́fẹ́ jẹ. Gbígbó rẹ̀ á yí padà. Ó lè sá kúrò nílé, kí ó máa bu ẹni tó bá pàdé jẹ.

(b) Èyí tó dákẹ́: Á lọ sá pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á rọ.

Èyí tó dákẹ́ yìí ló ń tan àgbẹ̀ jẹ. A ó rò pé eegun ló há a lọ́fun, a ó ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀. Ẹ má dán an wò! Bẹ́ẹ̀ náà ni màlúù, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn tó ń da itọ́ tí kò sì lè gbé oúnjẹ mì. Àwọn náà ń kó dìgbòlugi bí ajá bá bù wọ́n jẹ. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI GBỌ́DỌ̀ JẸ́ ÒFIN GBOGBO ABÚLÉ?

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ajá 40 ló wà ní abúlé kan. A gún ajá 10 lábẹ́rẹ́ àjẹsára, a kò gún 30. Bí ajá dìgbòlugi kan bá ti ibòmíràn yà wọ̀lú, láàrin àwọn 30 yẹn ni àrùn á ti máa lọ láti ẹnu ọ̀kan sí ara èkejì. Ṣùgbọ́n bí 7 nínú ajá 10 bá gba abẹ́rẹ́, àrùn kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Ní abúlé alájá 40, ajá 28 nìyẹn. Ẹnì kan kò lè dá a ṣe. Àwọn baba wa ní, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

ÒFIN TÍ Ẹ LÈ FẸNU KÒ LÉ LÓRÍ

1. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ gbogbo ajá àti ológbò abúlé sínú ìwé: orúkọ olówó, àwọ̀ ẹran, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́. Ajá tí kò lólówó, kí a kọ òun náà.

2. Kí ajá gba abẹ́rẹ́ bó bá ti pé oṣù 3, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Bí ọmọ ajá kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e wá, dókítà ẹranko ni yóò sọ bó ti yẹ.

3. Kí a yan ọjọ́ kan tí gbogbo wa á kó ajá wa wá sí ojúde baálẹ̀. Inú òtútù ni abẹ́rẹ́ yìí ń gbé, kò dáa kí dókítà máa gbé e káàkiri ojúlé nínú oòrùn. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni a fi ń rántí ọ̀rọ̀ dìgbòlugi ní gbogbo àgbáyé. Bí òjò bá ti ba ọ̀nà yín jẹ́ nígbà náà, ẹ mú ọjọ́ mìíràn.

4. Ajá tó bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má pa á, ẹ má tà á. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ tì í mọ́ inú ilé fún ọjọ́ 10, kí ẹ sì sọ fún baálẹ̀ àti dókítà ẹranko. Bí ara rẹ̀ bá yá gágá lẹ́yìn ọjọ́ 10, a mọ̀ pé kò sí àrùn nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ.

5. Bí ó bá di dandan láti pa ajá tó ti ya dìgbòlugi, ẹ má fọ́ orí rẹ̀. Inú ọpọlọ ni wọ́n ti ń yẹ àrùn náà wò. Ẹ má fọwọ́ lásán kàn án.

6. Ajá tó ń ṣàìsàn tàbí tó buni jẹ kì í ṣe ẹran jíjẹ, kì í sì í ṣe ẹran Ògún. Ẹni tó ń kun ún gan-an ni ewu ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ sin ín jìn, ẹ má sọ ọ́ sódò.

7. Ẹni tó bá ra ajá wọ̀lú, kí ó fi káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ han akọ̀wé. Bí kò bá ní, kí ajá náà wà lórí okùn títí yóò fi gbà á.

BÍ AJÁ BÁ BU ÈNÌYÀN JẸ ŃKỌ́?

Lójú ẹsẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Kí ẹnì kan máa da omi láti inú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹnì kejì máa fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ata, epo pupa tàbí irun ajá náà sí i. Lẹ́yìn náà, ọsibítù tààrà. Ẹ má dúró de ọjọ́ 10 tí a fẹ́ fi wo ajá. Bí wọ́n bá ní abẹ́rẹ́ náà kò sí lọ́dọ̀ wọn, ẹ má padà sílé, ẹ béèrè ibi tó wà. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ, ẹ gbà á pé bí dókítà bá ṣe là á sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ọmọdé tí ajá ha lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń fi í ṣeré kì í fẹ́ sọ, nítorí ẹgba. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ fún wọn lálẹ́ òní pé ẹni tó bá sọ kò ní jẹ ẹgba. Ìdákẹ́ ọmọ yẹn ló ń pa á, kì í ṣe eyín ajá nìkan.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Ajá mélòó ló wà ní abúlé wa? Mélòó ló ti gba abẹ́rẹ́ lọ́dún yìí?
2. Mélòó ló kù kí a tó pé 7 nínú 10?
3. Ọsibítù wo ló sún mọ́ wa tó ní abẹ́rẹ́ fún ẹni tí ajá bù jẹ? Ta ni yóò lọ béèrè kí ọ̀ràn tó dé?
4. Kí ni ìjìyà ẹni tó bá ta ajá tó buni jẹ?

Owó abẹ́rẹ́ ajá kan kéré púpọ̀ sí owó abẹ́rẹ́ ènìyàn kan. Ẹ bá òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó ń bẹ̀ yín wò sọ̀rọ̀, òun ni yóò bá yín kàn sí dókítà ẹranko ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ire oko o!