Owó Tí A Kò Rán Níṣẹ́

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó ní ìlú Oǹdó, kì í dákẹ́ nídìí òṣùwọ̀n. Bí wọ́n bá gbé àpò kòkó rẹ̀ kọ́, á sún mọ́ ọn títí ojú rẹ̀ á fi tó ibi tí ọwọ́ òṣùwọ̀n dúró sí, á sì kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan: ọjọ́, ìwọ̀n, ẹni tó rà á. Lọ́jọ́ tí ìṣirò kò bá bára mu, kì í pariwo. Á ṣí ìwé, á kà á sí wọn létí.

Ìwé yẹn ni mo rántí láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ata ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, na fóònù rẹ̀ sí mi. Alert báńkì mẹ́ta ló wọlé lóru, ₦2,000 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. "Àbúrò mi, ta ni mo rán níṣẹ́ yìí?" Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló ń ṣe géèmù. Géèmù náà ní kó tẹ ibì kan kó lè rí wúrà géèmù kó jọ, ó sì tẹ̀ ẹ́. Káàdì ìyá rẹ̀ ti wà lórí fóònù tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a fi sílẹ̀, pé èrè ọjọ́ kan náà ni. Mo ní rárá. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni ilẹ̀kùn tí owó gbà jáde. Bó bá jẹ́ owó ìpè ló ń jò díẹ̀díẹ̀, bóyá nítorí orin tàbí ìròyìn bọ́ọ̀lù tí ẹ kò bèèrè, ẹ pe iléeṣẹ́ fóònù yín ní 300, ẹ ní kí wọ́n dá a dúró, kí wọ́n sì dá owó padà. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ẹ pe NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ní 622, nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni wọ́n máa bèèrè. Ẹ fi STOP ránṣẹ́ sí 2442 pẹ̀lú, kí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó lè yé wọlé.

Bó bá jẹ́ Google Play, ọjà géèmù àti áàpù orí fóònù, ló gbà jáde, ẹ yára. Láàárín wákàtí 48 ni ọ̀nà rọrùn jù láti bẹ̀bẹ̀ pé kí Google dá owó padà. Bó bá jẹ́ àjèjì ló lo káàdì yín, ọjọ́ 120 ni Google fún yín láti fẹjọ́ sùn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọmọ yín ló tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ pé ọmọ yín ni. Ẹ má pè é ní olè, nítorí fóònù tí wọ́n fi rà á hàn sí Google. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Bó bá jẹ́ pé ẹ kò mọ ọwọ́ tó fa owó náà rárá, ẹ ní kí báńkì ti káàdì pa kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ̀wé: ọjọ́, wákàtí, iye owó, orúkọ tó wà lára alert. Ẹjọ́ ẹnu lásán kì í pẹ́ gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni báńkì ní láti yanjú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ kó ìwé yín lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní báńkì àgbà, CBN.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún oníbàárà láyè láti lọ bá ẹni tó tajà fún un, láti lọ bá àjọ tó ń ṣàkóso òwò náà, tàbí láti lọ bá FCCPC, àjọ tí òfin yẹn dá sílẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín bí ẹni pé àìmọ̀wé ló fà á. Lọ́dún 2014, FTC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, mú kí Apple gbà láti dá owó tí kò dín ní mílíọ̀nù 32.5 dọ́là padà fún àwọn òbí tí ọmọ wọn ra nǹkan nínú géèmù láìgbàṣẹ. Lọ́dún náà ni Google gbà láti dá owó tí kò dín ní mílíọ̀nù 19 dọ́là padà. Ariwo àwọn òbí ló gbé e débẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún olè kejì o. Bí ẹ bá ti ń ké pé owó yín sọnù, ẹnì kan lè pè yín pé òun á bá yín gbà á, kí ẹ ṣáà ka OTP tàbí PIN fún òun. Ẹni tó fẹ́ bá ni wá owó kì í bèèrè kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹni. Bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́: ẹ yọ káàdì kúrò lórí fóònù tí ọmọdé ń lò, tàbí kí ẹ ṣe é kí fóònù máa bèèrè ìka ọwọ́ yín kó tó san kọ́bọ̀.

Owó ẹ̀gbọ́n mi padà wọlé lọ́jọ́ kẹrin. Nígbà tí mo tún dé ìsọ̀ rẹ̀, ìwé pélébé kan wà lábẹ́ agbọ̀n tòmátì, ó ti rin díẹ̀ létí. Ó ṣí i hàn mí: ọjọ́, iye, nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bàbá wa ì bá kà á, inú rẹ̀ ì bá dùn.