Ẹ̀kọ́ Lórí Oore-ọ̀fẹ́, Ìdàgbàsókè àti Ìdàpọ̀ Àwọn Onígbàgbọ́

Bíbélì kíkà: Efesu 2:1–10, Efesu 4:11–16, Galatia 6:1–10.

Kò sí àgbẹ̀ kan tí ó lè wí pé òun ra òjò. Ọlọ́run ni ó ń rán an, a sì máa rọ̀ sórí oko olówó àti oko tálákà bákan náà. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ tí a kò sì ro oko, koríko ni yóò kọ́kọ́ jẹ ọ̀rá ilẹ̀. Bí ìtàkùn iṣu bá sì yọ tí kò rí ọ̀pá gùn, ilẹ̀ ni yóò máa fà lé, iṣu rẹ̀ kì yóò sì ta bí ó ti yẹ. Ohun mẹ́ta wọ̀nyí, òjò, oko ríro àti ọ̀pá, jọ ohun mẹ́ta tí onígbàgbọ́ kò lè ṣe aláìní: oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run, ìdàgbàsókè nínú ẹ̀mí, àti ìdàpọ̀ pẹ̀lú àwọn ará.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni yékéyéké, ẹ̀kọ́ yìí yóò tọ ipasẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther àti ìyá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni kí olùkàwé sàmì sí nínú álímánákì yìí: ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, àti ọjọ́ 5 oṣù Kejì.

ÈKÍNÍ: OORE-Ọ̀FẸ́

Ní ọdún 1821 àwọn ológun já wọ ìlú Òṣogùn, wọ́n sì kó Àjàyí, ọmọdékùnrin, àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Kò tún gbé pọ̀ pẹ̀lú baba rẹ̀ mọ́. Wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀; wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin; wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, níbi tí a gbé tà á fún àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé ọkọ̀ ẹrú náà bá, wọ́n sì gba àwọn tí ń bẹ nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Kíni Àjàyí ṣe tí ìdáǹdè yìí fi tọ́ sí i? Kò ṣe ohun kan. Kò ní owó ìràpadà, kò sì mọ̀ pé olùgbàlà ń bọ̀. Ẹ̀rù àwọn tí ó gbà á pàápàá bà á, nítorí ó rò pé ọwọ́ ìkà mìíràn ni òun tún bọ́ sí. Báyìí ni oore-ọ̀fẹ́ rí. A kì í fi ìwà rere rà á, bẹ́ẹ̀ ni kì í dúró di ìgbà tí a bá yẹ fún un. Ẹnití ó bá rántí èyí kì yóò lè fi ojú tẹ́ḿbẹ́lú ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ó jókòó tì í nínú ìjọ.

ÈKEJÌ: ÌDÀGBÀSÓKÈ

Ọjọ́ kan ni ìdáǹdè dé, ṣùgbọ́n ìdàgbàsókè gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ilẹ̀ Sàró ni a mú Àjàyí lọ. Ó kọ́ ìwé níbẹ̀, ó sì kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, ọdún 1825, ni a ṣe ìrìbọmi fún un, ju ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ lọ lẹ́hìn ìgbà tí a dá a sílẹ̀. Ọdún 1843 ni a fi í joyè àlùfáà, ọdún 1864 ni a sì fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn irúgbìn kòkó àtijọ́ a máa tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí wọ́n tó so. Àgbẹ̀ kì í sì tìtorí èyí hú u dànù ní ọdún kejì.

Ìtàn ìyá rẹ̀ tún fi èyí hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1846 Crowther wá sí Abẹ́òkúta, ó sì gbọ́ pé Àfàlá ìyá òun wà láàyè. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ni wọ́n fojú kan ara wọn, lẹ́hìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀, omijé sì ń dà lójú ìyá. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ẹsẹ̀ Bíbélì tí ó bọ́ sí ọjọ́ náà nínú álímánákì Kristẹni ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run gẹ́gẹ́bí olùrànlọ́wọ́ aláìníbaba, àti pé òun kò tí ì mọ agbára ọ̀rọ̀ náà rí tó bẹ́ẹ̀.

Ayọ̀ ọjọ́ náà pọ̀, síbẹ̀ ayọ̀ kọ́ ni a fi ṣe ìrìbọmi. Ó tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí Àfàlá tó di ọ̀kan nínú àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì, ọdún 1848. Hánà ni orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́bí orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Bíbí tí ó bí àlùfáà kò mú un fo ẹ̀kọ́ kankan. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Nítorínáà kí ẹnikẹ́ni má ṣe kánjú lé ọmọ-ẹ̀hìn titun, kí ẹnití ó ti pẹ́ nínú ìgbàgbọ́ má sì ṣe rò pé òun ti dàgbà tán. A ó fi ìwà mọ èso: onígbàgbọ́ tí ó dàgbà kì yóò ṣí pẹ́régún ààlà lóru, kì yóò fi omi pọ̀ mọ́ epo tí ó ń tà, bí a bá sì bú u, kì yóò sáré bú padà.

ÈKẸTA: ÌDÀPỌ̀

Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn yìí tí ó dá dàgbà. Ní Sàró, àwọn tí a ti dá sílẹ̀ ṣáájú ni aládùúgbò àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Sàró ti ń padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú ìgbàgbọ́ wọn, àwọn ni wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a rán olùkọ́ni sí wọn. Nígbàtí inúnibíni dìde sí ìjọ Abẹ́òkúta ní ọdún 1849, tí a lu àwọn onígbàgbọ́ tí a sì kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ìjọ kan ni wọ́n jọ jẹ́ nínú ìyà náà. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Àwọn àgbẹ̀ mọ àáró dáadáa: ẹnití a bá bá ro oko lónìí ni yóò bá ẹnìkejì rẹ̀ ro lọ́la. Ó dára, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n kíni ti ẹnití kò ní lè san án padà? Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àgbẹ̀ kan nínú ìjọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nígbàtí òjò àkọ́rọ̀ kù díẹ̀. Èbù rẹ̀ ti ń hu, kò sì tí ì kọ ebè kan. Bí ìgbà gbígbìn bá kọjá, ebi ni yóò kan àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo ìjọ gbàdúrà fún un, wọ́n sì ṣe Àmín kíkan. Àdúrà náà dára. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ Ajé bá dé tí olúkúlùkù gba oko tirẹ̀ lọ, ta ni Ọlọ́run yóò fi dáhùn rẹ̀? Bí ọkùnrin mẹ́wàá bá yọ̀ǹda òwúrọ̀ méjì, tí àwọn obìnrin gbé oúnjẹ wá, ebè tí yóò bọ́ ilé náà yóò ti wà nílẹ̀. Kí a má sì ṣe ròyìn rẹ̀ láti orí àga ìwàásù, kí ojú má baà ti ẹnití a ràn lọ́wọ́.

Níhìn-ín ni a ti mọ̀ bí oore-ọ̀fẹ́ ti wọ inú ènìyàn tó. Àáró ń san gbèsè. Oore-ọ̀fẹ́ ń ṣe fún ẹnití kò lè san. Bí a ti ṣe fún wa nìyẹn nígbàtí a kò ní ohun tí a lè san, bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe fún ara wa.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Oore wo ni a ti ṣe fún ilé yìí tí a kò lè san padà?

2. Èéṣe tí ayọ̀ Àfàlá ní ọdún 1846 kò fi tó láti rọ́pò ẹ̀kọ́?

3. Ta ni nínú ìjọ yìí tí kò lè ro oko rẹ̀ ní ọdún yìí? Ọjọ́ wo ni a ó lọ?