Ọwọ́ Tí Kì í Fu Ènìyàn Lára: Ẹ̀kọ́ Lórí Fífi Káàdì Pidán

Ní alẹ́ àríyá ìparí ẹ̀kọ́ kan, a dìde níwájú àwọn olùkọ́ wa, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa, àti àwọn ọmọdé ilé ẹ̀kọ́ kékeré tí a ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, a sì fi káàdì pidán fún wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi kọ́ idán náà. Ọwọ́ wa yá, káàdì kankan kò sì já bọ́. Síbẹ̀, bí a ti ṣí káàdì òkè, ọmọdékùnrin kan tí ó jókòó lórí ẹní níwájú kígbe pé, “Méjì ni wọ́n mú!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì wá.

Ní ọjọ́ kejì a pe ọmọ náà, a bi í bí ó ti ṣe rí káàdì kejì. Ó dáhùn pé, “Tíṣà, n kò rí i. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bọ̀ dáadáa. Nígbà tí ẹ fẹ́ mú káàdì, ẹ dákẹ́, ẹ sì tẹjú mọ́ ọwọ́ yín. Mo bá mọ̀ pé ẹ fẹ́ ṣe nǹkan.”

Nínú ìdáhùn yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ lónìí wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ onídán ni kí ọwọ́ rẹ̀ yára ju ojú ẹni tí ń wò ó lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú ọmọ ènìyàn yára púpọ̀, kò sì sí ọwọ́ tí ó lè sá fún un pẹ́. Ohun tí í tú onídán fó ni ìyípadà. Bí ọwọ́ bá ti ń lọ jẹ́jẹ́ tí ó sì sáré lójijì, tàbí bí ẹnu bá ti ń sọ̀rọ̀ tí ó sì dákẹ́, ara á fu ènìyàn, bí kò tilẹ̀ rí ohunkóhun. Ìfura ni oògùn àgbà, ni àwọn baba wa wí. Ọmọdé pàápàá kò ṣàìní díẹ̀ nínú oògùn náà. Nítorí náà, kì í ṣe pé kí a fi iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ pamọ́ ni ọgbọ́n, bí kò ṣe pé kí iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ àti iṣẹ́ gbangba má ṣe yàtọ̀ síra.

Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí ti mọ èyí tipẹ́. Robert-Houdin, ará Faransé tí a bí ní ìlú Blois ní 1805, ẹni tí í ṣe iṣẹ́ aago, ṣí ilé idán tirẹ̀ ní Paris ní 1845. Kò wọ agbádá oṣó. Irú aṣọ alẹ́ tí àwọn àlejò rẹ̀ wọ̀ wá ni òun náà wọ̀. Ní 1902, ẹnìkan tí ó pe ara rẹ̀ ní S. W. Erdnase tẹ ìwé kan jáde ní Chicago lórí ọgbọ́n káàdì. Títí di òní a kò tíì mọ ẹni náà dájú. Nínú ìwé yìí ó tẹnu mọ́ ọn pé bí a bá ti ń di káàdì mú nígbà òtítọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kí a dì í mú nígbà ẹ̀tàn. Láti kékeré ni Dai Vernon, ọmọ Kánádà tí a bí ní 1894, ti ń ka ìwé náà, ó sì fi ọjọ́ ayé rẹ̀ títí di 1992 kọ́ àwọn ẹlòmíràn pé kí ọwọ́ onídán máa lọ bí ó ti í lọ lójoojúmọ́. Ní Chicago ní 1922, ó fi idán káàdì tí í padà sí òkè han Houdini, gbajúgbajà onídán Amẹ́ríkà, léraléra. Houdini kò sì lè sọ bí ó ti ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí a mú irú idán bẹ́ẹ̀ fi ṣe àpẹẹrẹ. Onídán gbé ìdì káàdì 52 lé ọwọ́ òsì. Ó ṣí káàdì òkè, gbogbo ènìyàn sì rí i pé Ọba ni. Ó dà á dé, ó mú káàdì òkè náà, ó tì í sí àárín ìdì. Ó ta ìka. Nígbà tí ó tún ṣí òkè, Ọba ti padà dé! Àṣírí rẹ̀ kò ju èyí lọ: káàdì méjì tí ó lẹ̀ mọ́ra ni ó ṣí ní àkọ́kọ́, bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Ìkejì nínú wọn ni Ọba tí a rí. Nígbà tí ó dà wọ́n dé, káàdì mìíràn ni ó wà lókè, òun ni ó sì tì sí àárín. Bí èyí ti kúrò, Ọba bọ́ sí òkè. Ọmọdé lè lóye àṣírí yìí. Ohun tí ó le ni kí méjì dàbí ẹyọ kan ní ọwọ́ wa. Ọ̀nà márùn-ún ni a rí tí ó ràn wá lọ́wọ́.

Èkíní, kí a kọ́kọ́ mọ bí ọwọ́ wa ti í ṣe nígbà tí kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. A jókòó, a ṣí ẹyọ káàdì kan ní ogún ìgbà, a sì ń ṣọ́ ara wa. A rí i pé àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan ni a fi ń mú ẹyọ kan, láìwò ó, láìkánjú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di méjì, gbogbo ìka ni a fi dì wọ́n mú, bí ẹni tí ó di adìẹ mú kí ó má bàa fò lọ. A ní láti kọ́ ọwọ́ wa kí ó mú méjì bí ó ti í mú ẹyọ kan, láìfi ipá kún un.

Èkejì, kí ìpalẹ̀mọ́ ṣáájú ìgbà tí a óò lò ó. Kí káàdì méjì tó lè ṣí pọ̀, ìka tí ó kéré jù ní ọwọ́ òsì gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ ìkejì. Àṣìṣe wa ni pé ìgbà tí a fẹ́ ṣí i gan-an ni a ń wá àyè náà, ìka wa sì ń rá pálá lójú gbogbo ènìyàn. Nísinsìnyí, ìgbà tí a ń to etí káàdì kí ó dọ́gba, tí a sì ń bi ẹnìkan léèrè orúkọ rẹ̀, ni a ń ṣe é. Ní àkókò náà kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé nǹkan fẹ́ ṣẹlẹ̀. Nítorí èyí náà ni kò fi yẹ kí a sọ ohun tí a óò ṣe ṣáájú. Ẹni tí ó bá ti mọ ibi tí à ń lọ yóò dè wá lọ́nà.

Ẹ̀kẹta, kí ìdí wà fún gbogbo ohun tí ọwọ́ bá ṣe. Bí a bá fi káàdì pamọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, tí ọwọ́ náà sì wọ àpò lásán, gbogbo ènìyàn ni yóò bèèrè ohun tí ó lọ ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ mú ṣọ́ọ̀kì tàbí ìnujú tí a nílò, tí a sì lo ohun náà lóòótọ́, ta ni yóò bèèrè? Arturo de Ascanio, agbẹjọ́rò ará Sípéènì tí ó kú ní 1997, kọ́ni pé ohun tí a bá ṣe lójú ọ̀nà sí ohun mìíràn kì í hàn sí ènìyàn. Obìnrin tí ó ru igbá lọ sí ọjà, igbá rẹ̀ ni à ń wò. A kì í bi í léèrè ohun tí ó so mọ́ etí aṣọ.

Ẹ̀kẹrin, kí a ṣọ́ ojú àti ẹnu. John Ramsay, ará Ayr ní ilẹ̀ Scotland, tí ó kú ní 1962, kọ́ àwọn onídán pé bí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn wo nǹkan, kí àwọn fúnra wọn wò ó. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kí ènìyàn wo àwọn, kí wọ́n wo ènìyàn náà lójú. Àwa ti wo ọwọ́ wa. Báwo ni ọmọ náà kò ṣe ní wò ó? Ẹnu pẹ̀lú lè tú wa fó. Bí a bá ń tẹnu mọ́ ọn pé, “Ẹ wò ó, káàdì lásán ni, kò sí nǹkan lọ́wọ́ mi,” a ti fi ìfura sí ọkàn ẹni tí kò ní in tẹ́lẹ̀. Ẹni tí a kò lé, kí ni ó ń sá fún?

Ẹ̀karùn-ún, kí a mọ bí a ti í dánra wò. Dígí dára, nítorí ó ń fi hàn wá bí ọwọ́ wa ti rí níwájú. Ṣùgbọ́n ó tún ń kọ́ wa láti máa tẹjú mọ́ ọwọ́. Nítorí náà a kúrò níwájú dígí, a sì ń ṣe idán náà bí a ti ń sọ ìtàn fún àwọn tí a jọ ń gbé yàrá. Bí ìtàn bá dá dúró níbi tí ọwọ́ ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, idán náà kò tíì pọ́n. A kì í bi wọ́n léèrè ohun tí a ṣe, nítorí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí a ṣe é ni à ń bi wọ́n. Nígbà tí wọn kò bá lè dáhùn èyí mọ́, a mọ̀ pé ọwọ́ wa ti ń dára bọ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìtìjú wa, a tún dìde ní àríyá mìíràn. Ọmọ náà wà níwájú bí ti àtẹ̀yìnwá. A wò ó lójú, a bi í léèrè bí ó bá ti jẹun, a sì ṣí káàdì náà bí ó ti ń dáhùn. Ní ọjọ́ yìí kò kígbe. Nígbà tí àwọn ènìyàn túká, ó wá bá wa, ó sì rọra bèèrè pé, “Tíṣà, ṣé oògùn ni?”

A jẹ́wọ́ pé ìbéèrè náà dùn mọ́ wa, ó sì wù wá kí a dákẹ́. Ṣùgbọ́n a rántí pé ọwọ́ tí kì í fu ènìyàn lára ni àwọn tí ń ta káàdì mẹ́ta ní gáréèjì fi ń kó owó èrò ọkọ̀. Wọ́n á di káàdì méjì mú ní ọwọ́ kan, wọ́n á fi ti ìsàlẹ̀ hàn. Gbogbo ènìyàn á rò pé òun ni wọn yóò kọ́kọ́ jù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ti òkè ni wọn yóò jù. Ọwọ́ wọn lè dán ju tiwa lọ. Ohun tí ó yà wá sọ́tọ̀ ni pé onídán ti sọ fún ènìyàn pé idán ni òun ń pa, kò sì mú ohunkóhun lọ. Bí olùkọ́ bá jẹ́ kí ọmọdé gbàgbọ́ pé oògùn ni, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí tún ọ̀nà ṣe fún ẹni tí yóò rẹ́ ọmọ náà jẹ lọ́la.

A dá a lóhùn pé, “Kì í ṣe oògùn. Ọgbọ́n ọwọ́ ni, a sì pẹ́ kí a tó mọ̀ ọ́n.” Ó wo ọwọ́ wa, ó wo ọwọ́ tirẹ̀, ó sì ní kí a kọ́ òun. A gbé ìdì káàdì náà lé e lọ́wọ́. A ní kí ó kọ́kọ́ máa ṣí ẹyọ kan.