Ojú Àpá àti Ojú Ara

Ẹ̀kọ́ ti oṣù yìí kan gbogbo ilé ní Ọ̀wọ̀ àti ní agbègbè Ọ̀sẹ́. Àgbẹ̀ tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀ nínú oko kòkó, obìnrin tí iná jó nídìí agbada gàrí, ọmọ tí sálẹ́ńsà alùpùpù bó lẹ́sẹ̀, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bèèrè: Ǹjẹ́ àpá yìí yóò lọ bí? Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, nígbà tí àwọn agbébọn kọlu ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, ó kéré tán 40 ènìyàn ni ó kú. A sì gbé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà nínú ìlú náà. Ọgbẹ́ a máa jiná, ṣùgbọ́n àpá a máa kù sílẹ̀. Nítorínáà ni a ṣe rò pé ó yẹ kí a kọ́ ara wa ní ohun tí a lè ṣe sí i, àti ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe.

Àwọn àgbà wí pé ojú àpá kì í jọ ojú ara. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Okùn tín-ín-tín tí ó di awọ ara mú a máa hun ara wọn wọnú ara wọn bí agbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara bá ń yára dí ọgbẹ́, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ń na okùn náà sí. Ojú àpá kì í sì í tún lágbára ju bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún agbára awọ àtijọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ṣèlérí pé òun yóò pa àpá rẹ́ pátápátá, ẹ má ṣe fún un lówó. Ṣùgbọ́n a lè dín in kù gidigidi.

Èkíní, nígbà tí ọgbẹ́ ṣì tutù. Ìgbà yìí ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ọgbẹ́. Èyí tí ó bá ya ẹnu, ẹ tètè gbé e lọ fún rírán àti fún abẹ́rẹ́ ìpá. Bí ó bá jẹ́ iná ni, ẹ da omi tútù tí ń ṣàn sí i fún 20 ìṣẹ́jú. Ẹ má ṣe fi ẹyin, ògì, epo tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i, nítorí wọn a máa mú kí ọgbẹ́ kẹ̀, ọgbẹ́ tí ó bá sì kẹ̀ a máa fi àpá ńlá sílẹ̀. Ẹ fi fasilíìnì pa á, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ sì máa pààrọ̀ aṣọ náà lójoojúmọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé ṣí èépá rẹ̀ kúrò.

Èkejì, nígbà tí ó ti jiná. Àpá a máa yí padà fún ọdún kan, nígbà mìíràn títí di ọdún méjì, nítorínáà ó ń fẹ́ sùúrù. Ẹ máa fi òrí tàbí fasilíìnì rọra fọwọ́ ra á fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn, kí ó má baà dúdú ju ara yòókù lọ. Àwọn dókítà a máa lo ewé sílíkónì rírọ̀ kan tí a ń lẹ̀ mọ́ àpá fún wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta ó kéré tán. Àpá iná tí ó bá wà ní oríkèé, ẹ máa na ibẹ̀ lójoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí oníṣègùn ti kọ́ yín, kí ó má baà ká.

Ẹ̀kẹta, àpá tí ń dàgbà. Àpá mìíràn a máa ga sókè bí kókó, a sì máa kọjá ààlà ọgbẹ́ tí ó bí i. Kílọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Àwa ènìyàn dúdú ni ó ń yọ lẹ́nu jù. Etí tí a lu, àyà àti èjìká ni ó sì fẹ́ràn. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ran ni. Bí a bá kàn gé e lásán, lọ́pọ̀ ìgbà a máa tún hù, a sì lè tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ tí a ń gún sínú rẹ̀ léraléra, ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ síra, ni àwọn dókítà fi ń mú un sílẹ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ bá wà nínú ìdílé rẹ̀, kí ó rò ó dáadáa kí ó tó lu etí ọmọ.

Ẹ̀kẹrin, ẹ sá fún ìpara tí ń bó ara. Mẹ́kúrì tí ó wà nínú púpọ̀ wọn a máa ba kíndìnrín jẹ́, awọ tí a bá sì bó pẹ́ a máa dúdú, a sì máa le ju bí ó ti wà lọ.

Ẹ̀karùn-ún, bíbo àpá, àti ojú aládùúgbò. Kò sí àbùkù nínú bíbo àpá. Apá aṣọ gígùn tó, gèlè tó, àtíkè tí ó bá àwọ̀ ara mu náà sì tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1975 ni ẹgbẹ́ Red Cross ti ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń fi ìpara aláwọ̀ bo àpá, kí wọ́n tó fi iṣẹ́ náà lé ẹgbẹ́ Changing Faces lọ́wọ́ ní ọdún 2011. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àtíkè kò lè ṣe. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà Archibald McIndoe ń tún ojú àwọn awakọ̀ òfuurufú tí iná jó ṣe ní ìlú East Grinstead. Ó bẹ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n gba àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà sílé, kí wọ́n sì má ṣe tẹjú mọ́ wọn. Wọ́n gbà, a sì ń pe ìlú náà ní ìlú tí kì í wo ni láwòfín.

Ọ̀wọ̀ àti Ìfọ́n lè jẹ́ irú ìlú bẹ́ẹ̀. Àpá tí oògùn kò lè mú kúrò, ojú wa lè mú kí ó fúyẹ́ fún ẹni tí ó ń rù ú.

Ìbéèrè fún kíláàsì:
1. Kí ni a ń kọ́kọ́ ṣe sí ara tí iná jó?
2. Èéṣe tí gígé nìkan kò fi tó fún kílọ́ìdì?
3. Báwo ni ẹ ti ń kí ọmọ kíláàsì yín tí ó ní àpá lójú?