Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌMỌ ẸGBẸ́: Bí Epo Bá Ń Jò Nídìí Pùròpẹ́là Lẹ́yìn Tí A Tún Gíábọ́ọ̀sì Dè

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ọkọ̀ ẹgbẹ́. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sọ yín di mẹkáníìkì. Owó yín ni mo ń ṣọ́, nítorí bí owó ẹgbẹ́ ti lè gba inú ìwé owó jò lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè gba abẹ́ ọkọ̀ jò lọ.

Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní píkọ́ọ̀pù kan tí wọ́n fi ń kó kòkó wá sí Òṣogbo. Kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jẹ, mẹkáníìkì sì sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó dè é padà tán, ọkọ̀ ń lọ geere. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, epo ti kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kò pọ̀, wọn kò sì kà á sí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, gíà bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ìgbà náà ni ariwo sọ. Àwọn kan ní mẹkáníìkì ti jí ojúlówó gíábọ́ọ̀sì. Àwọn mìíràn ní akọ̀wé ló bá a lẹ̀dí àpò pọ̀. Ìgbìmọ̀ sì fẹ́ dìbò láti fi owó àkójọ ra gíábọ́ọ̀sì mìíràn. Ọjọ́ náà gan-an ni mo dé láti yẹ ìwé wọn wò.

Mo rí rìsíìtì kílọ́ọ̀ṣì, mo rí owó iṣẹ́. N kò rí owó ọ́ìlì síìlì, n kò sì rí owó epo gíà. Mo ní kí a lọ wo abẹ́ ọkọ̀.

Pùròpẹ́là ni irin gígùn tí ń gbé agbára láti gíábọ́ọ̀sì lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Níbi tí orí rẹ̀ ti wọ inú gíábọ́ọ̀sì, òrùka rọ́bà kan wà níbẹ̀ tí ń dí epo mọ́lé: òun ni ọ́ìlì síìlì. Bí a bá fa pùròpẹ́là yọ tí a sì tì í padà, iyanrìn díẹ̀ lè ya ètè rọ́bà náà. Bí rọ́bà bá sì ti gbó, yóò gan, kò ní dì mọ́ irin mọ́. Ohun tí ó yẹ kí a ṣe nìyí:

1. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú, kì í ṣe orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Iléṣà. Ẹ fi òkúta há táyà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé ró.

2. Ẹ nu abẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹ wà á díẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Afẹ́fẹ́ máa ń gbá epo sẹ́yìn; nítorí náà, ibi tí ó tutù tí ó wà lókè jù, níwájú jù, ni orísun. Bí epo bá ń ti àárín ẹ́ńjìnì àti gíábọ́ọ̀sì wá, gíábọ́ọ̀sì yóò tún sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdí pùròpẹ́là, pùròpẹ́là nìkan ni a ó tú.

3. Ẹ wo ihò kékeré tí gíábọ́ọ̀sì fi ń mí. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ooru yóò ti epo jáde lára síìlì tuntun pàápàá.

4. Kí mẹkáníìkì fi ẹfun sàmì sí pùròpẹ́là kí ó tó tú u, kí ó lè dá a padà bí ó ti wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ lè máa gbọ̀n. Kí ó fi èékánná yẹ irin wò níbi tí rọ́bà ń jókòó sí. Bí èékánná bá há sí kòtò níbẹ̀, tàbí tí orí pùròpẹ́là bá ń mì sókè sódò nínú ihò rẹ̀, síìlì tuntun nìkan kò ní tó.

5. Kí ó fi epo pa ètè síìlì tuntun, kí ojú tí ó ní sípíríìǹgì kọjú sí inú, kí ó sì gbá a wọlé dọ́gba yíká. Kí a rọ epo gíà dé ìwọ̀n rẹ̀ kí ọkọ̀ tó rìn.

Ọkọ̀ ojú omi tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà nínú, irú èyí tí a lè rí lójú ọ̀sà, kò yàtọ̀ púpọ̀, àfi pé níbẹ̀ omi ló ń wọlé. Bí omi bá pọ̀ lẹ́yìn tí a tún gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ dè, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá gíábọ́ọ̀sì àti irin pùròpẹ́là ṣe déédéé.

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ètè síìlì àtijọ́ ló ya, ẹrẹ̀ sì dí ihò èémí. Síìlì kan àti epo gíà ni ẹgbẹ́ náà rà, epo kò sì jò mọ́. Ṣùgbọ́n gíà kejì ṣì ń han, nítorí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó fi rìn láìní epo tó. Akọ̀wé tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò sì gbà láti padà sí ipò rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló mú kí a máa yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò. Kò sí òfin tí ó ní kí olùyẹ̀wò máa wo abẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó ṣe é. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ohun tí a ó pààrọ̀ sílẹ̀. Kí ó tó parí, ẹ gba rìsíìtì àti síìlì àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì. Àwọn baba wa Òṣómàáló lóṣòó títí wọ́n fi gba owó wọn. Kí àwa náà lóṣòó wo abẹ́ ọkọ̀ kí a tó dìbò.

Ìbéèrè fún ìpàdé:
(a) Ta ni ń wo ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ wa ní àràárọ̀?
(b) Ṣé síìlì wà nínú rìsíìtì àtúnṣe tí a ṣe kẹ́yìn?
(d) Bí a bá fura sí òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́, kí ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó sọ̀rọ̀?