Ẹ̀yin Tó Ń Kọ̀wé fún Ọmọdé, Ẹ Lọ Wo Eré

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ̀wé fún ọmọdé ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má fi gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ti ara yín mọ́lé. Ẹ máa lọ wo eré orí ìtàgé, kí ẹ sì máa bá àwọn òǹkọ̀wé mìíràn jókòó. Etí ni ọmọdé kọ́kọ́ fi ń gba ìtàn kó tó mọ ìwé kà. Gbólóhùn tí kò bá dùn lẹ́nu òṣèré, agbára káká ni yóò fi dùn lẹ́nu ọmọ. J. F. Ọdúnjọ tó kọ Aláwìyé fún ọmọ ilé ìwé náà ló kọ eré Agbàlọ́wọ́méèrì. Ní Òṣogbo, Dúró Ládipọ̀ àti Ulli Beier dá ẹgbẹ́ Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962. Ní 1963, Ọba Kò So, eré Ládipọ̀ lórí Ṣàngó Aláàfin Ọ̀yọ́, jáde. Níbi tí eléré, ayàwòrán àti òǹkọ̀wé ti ń pàdé ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń hù.

Ẹlòmíràn yóò ní ìdákẹ́jẹ́ ni ìwé kíkọ ń fẹ́, pé àríyá lásán ni ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń lọ sí gbogbo ìpàdé kò ní ríwèé parí, ṣùgbọ́n ìwọ̀n là ń wí: ẹ fi Sátidé wo eré, kí ẹ fi ọjọ́ Àìkú kọ̀wé. Bí wọ́n bá ní ìlú ńlá nìkan leré wà, ẹ rántí pé láàfin Ọ̀yọ́ ni eré alárìnjò ti ṣẹ̀. Ẹni mẹ́ta tó bá pàdé ní Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ka iṣẹ́ ara wọn, ẹgbẹ́ ti dé. Kí wọ́n pe ọmọdé sí i. Ibi tí ọmọ bá ti ń wo ẹ̀gbẹ́, ibẹ̀ ni kí wọ́n tún kọ.